Inú ń lọ́ yín? Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tó ti ń dùn yín kẹ́ ẹ tó gbé oògùn mì

Tí wọ́n bá bi ọ̀pọ̀ nínú wa pé ibo ló ń dùn wá, ńṣe la máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá gbogbo ikùn, a ní "inú mi ni", ó parí. Inú wo? Ìfun nìkan tó ká síbẹ̀ gùn ju ẹni tó ni ín lọ fíìfíì, ká má tíì sọ ti òróòro, kíndìnrín, àpò ìtọ̀, àti ilé ọmọ fún àwọn obìnrin. Nítorí náà kẹ́ ẹ tó na ọwọ́ sí oògùn, ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ ká orúnkún sókè kí ikùn lè dẹ̀, ẹ wá fi ìka méjì-mẹ́ta tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ò dùn yín, ibi tó ń dùn gan-an ni kẹ́ ẹ fi ṣe ìgbẹ̀yìn.

Ohun tó fà á tó fi ń lọ́ni ni pé ara ìfun kún fún iṣan, iṣan yìí ló máa ń fún oúnjẹ síwájú díẹ̀díẹ̀, a kì í tiẹ̀ mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Àfi tí gáàsì bá há síbẹ̀, tàbí ìgbẹ́ líle, tàbí tí kòkòrò àrùn bá ń yọ ọ́ lẹ́nu, ló máa wá bẹ̀rẹ̀ sí í fún ara ẹ̀ bí ìgbà téèyàn ń fún aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi máa mú yín dáadáa, tó máa tú yín sílẹ̀, tẹ́ ẹ máa rò pé ó ti lọ, tó tún máa padà dé.

Gáàsì ló wọ́pọ̀ jù, ó sì rọrùn láti dá mọ̀: ikùn á wú, ìrora ẹ̀ ò ní jókòó síbì kan, tẹ́ ẹ bá sì ti gùfẹ̀ tàbí tẹ́ ẹ só, ara á fúyẹ́. Ẹ má dùbúlẹ̀ síbẹ̀ kẹ́ ẹ máa káwọ́ lérí, ẹ dìde kẹ́ ẹ rìn fún bí ìṣẹ́jú 10 sí 15. Tí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe, ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ fa orúnkún méjèèjì wá sí àyà, ẹ dì í mú, ẹ máa mí dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dì í mọ́ra torí ìtìjú, ẹ kúrò láàárín èèyàn kẹ́ ẹ só o jàre. Jíjẹun wàrà-wàrà, ọ̀rọ̀ sísọ pẹ̀lú oúnjẹ lẹ́nu, ṣingọ́ọ̀mù àti ohun mímu tó ń hó, gbogbo wọn ló ń kó afẹ́fẹ́ sínú.

Omi gbígbóná náà ń ṣiṣẹ́ torí ooru máa ń jẹ́ kí iṣan dẹ̀. Ẹ rọ ọ́ sínú rọ́bà tí wọ́n ṣe fún un, ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì wé e, ẹ gbé e lé ikùn fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, ẹ má sùn lọ pẹ̀lú ẹ̀ o, ara lè bó.

Tó bá jẹ́ ti nǹkan oṣù, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ilé ọmọ ló ń fún ara ẹ̀ níbẹ̀, kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní prostaglandin ló ń rán an níṣẹ́, oògùn ìrora tó ń jẹ́ ibuprofen sì máa ń dín kẹ́míkà yẹn kù, ìdí nìyẹn tó fi dáa kẹ́ ẹ lò ó bó bá ṣe ń bẹ̀rẹ̀ dípò kẹ́ ẹ dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá ń sunkún. Ẹ jẹun sí i kẹ́ ẹ tó lò ó. Àmọ́ tó bá ń le sí i lóṣooṣù, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni "bí obìnrin ṣe rí nìyẹn".

Ibuprofen yìí kan náà ló fojú mi rí màbo lọ́jọ́ kan. Òkè inú ló ń ta mí, lábẹ́ egungun àyà gan-an, mi ò bi ara mi ní nǹkan kan, mo gbé méjì mì láìjẹun, nígbà tó fi máa di òru mo ti ká kò bí ìgbín sílẹ̀ẹ́lẹ̀ balùwẹ̀. Ọgbẹ́ ló wà nínú mi, oògùn yẹn sì máa ń dá kún ọgbẹ́ inú. Kì í ṣe fún ọlọ́yún àti ẹni tí kíndìnrín ń yọ lẹ́nu náà. Paracetamol ò ní ṣe inú báyẹn, ṣùgbọ́n àgbàlagbà ò gbọdọ̀ lò ju hóró 8 oní-500 mg lọ láàárín wákàtí 24.

Tó bá jẹ́ ìgbẹ́ gbuuru ló ń bá a rìn, omi ara ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ronú nípa ẹ̀. Lítà omi mímọ́ kan, ṣúgà ṣíbí tíì 6 tí ò ga lórí, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì, ẹ pò ó, ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Iyọ̀ ò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ o. Tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ tàbí ara ń gbóná, ẹ má lo oògùn tó ń dá ìgbẹ́ dúró.

Èyí tó ń ṣe yín lemọ́lemọ́, ẹ máa kọ ohun tẹ́ ẹ jẹ àti aago tó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó lè jẹ́ mílíìkì lásán.

Èyí tí kò ṣeé fi sílé rèé: ìrora tó bẹ̀rẹ̀ ní ìdodo tó wá sọ̀kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ọ̀tún, tí ikọ́ tàbí ìrìn ń mú kó le sí i, ó lè jẹ́ appendix, ẹ̀ka ìfun kékeré kan níbẹ̀, ló wú. Ikùn tó le bíi pákó. Èébì tí ò dáwọ́ dúró pẹ̀lú àìlèyàgbẹ́ àti àìlèsó. Ìgbẹ́ tó dúdú bí ọ̀dà. Obìnrin tí nǹkan oṣù ẹ̀ ti pẹ́ tí ẹ̀gbẹ́ kan inú ń dùn ún, tí òòyì ń kọ́ ọ, oyún lè ti wà níbi tí kò yẹ. Òkè inú tó ń dunni pẹ̀lú òógùn àti àìlèmí dáadáa, ọkàn ló lè jẹ́. Nínú gbogbo èyí, ẹ má gbé oògùn ìyàgbẹ́ mì, ẹ má jẹun lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn torí wọ́n lè fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ, ẹ kàn rántí aago tó bẹ̀rẹ̀ àti oògùn tẹ́ ẹ ti lò, kí dókítà tó bi yín.