Káàdì Tuntun Wọlé, Háàdì Dísìkì Pòórá: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Àwọn Tó Ń Ṣe Èdítì Fídíò

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gbé kọ̀ǹpútà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìkòròdú ló jẹ́ ayafídíò: ní ọjọ́ Sátidé wọn a wà lóde ìgbéyàwó tàbí òkú àgbà, láti ọjọ́ Àìkú lọ wọn a sì jókòó sídìí èdítì. Mo kọ díẹ̀ nínú ìbéèrè wọn síhìn-ín pẹ̀lú ìdáhùn tí mo fún wọn, nítorí mo ti ṣàkíyèsí pé púpọ̀ nínú wọn ló máa ń náwó kí wọ́n tó wádìí ohun tó fa ìṣòro náà.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mo ra SSD, ìyẹn ibi ìpamọ́ fáìlì tó yára ju háàdì dísìkì lọ, irú pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní M.2, àbúrò mi sì bá mi fi sínú kọ̀ǹpútà. Láti ọjọ́ náà ni méjì nínú háàdì dísìkì mẹ́rin tí mo ní kò ti yọjú mọ́, fídíò ìgbéyàwó mẹ́ta tí n kò tíì kó fún àwọn tó ni ín sì wà nínú wọn. Ẹnì kan ní Sábó sọ pé wọ́n ti kú, ó sì ní kí n wá owó tí òun yóò fi bá mi yọ ohun tó wà nínú wọn. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó ṣòro kí háàdì dísìkì méjì kú lọ́jọ́ kan náà láìjẹ́ pé nǹkan kan pa wọ́n pọ̀, ohun kan ṣoṣo tí ẹ sì yí padà lọ́jọ́ náà ni SSD tó wọlé. Àwọn ọ̀nà tí dátà ń gbà lórí mọ́dábọ́ọ̀dù, pátákó ńlá tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́, níye, wọn kì í sì í tó gbogbo ihò tí ẹ ń fojú rí. Ìdí nìyí tí àwọn tó ṣe é fi máa ń jẹ́ kí ihò méjì tàbí mẹ́ta jọ pín ọ̀nà kan, gẹ́gẹ́ bí àwọn ayálégbé ṣe ń pín ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo: bí ẹnì kan bá ti gbé korobá rẹ̀ sí i, ẹnì kejì á dúró. Lórí ọ̀pọ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù, bí nǹkan bá ti wọ ihò M.2 kejì, méjì nínú àwọn ihò SATA tí wáyà háàdì dísìkì ń wọ̀, tó sábà máa ń jẹ́ nọ́ńbà 5 àti 6, yóò dákẹ́. Lórí àwọn mìíràn, M.2 tó jẹ́ irú SATA nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, èyí tó jẹ́ NVMe, irú tó yára ju ti SATA lọ, kì í sì í dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ọ̀nà tí ẹ máa fi mọ̀ kò le. Ẹ pa kọ̀ǹpútà náà, ẹ yọ wáyà iná rẹ̀ lára ògiri, ẹ fọwọ́ kan irin ara àpótí rẹ̀ kí iná kékeré tó wà lára yín lè jáde, kí ẹ wá yọ SSD tuntun náà. Ẹ tan án padà, ẹ wọ inú BIOS (ojú ètò ti mọ́dábọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀) kí Windows tó dìde, kí ẹ sì ka iye háàdì tó rí. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá pé, kò sí òkú níbẹ̀. Ẹ wo orúkọ àti nọ́ńbà mọ́dábọ́ọ̀dù náà, èyí tí wọ́n sábà máa ń tẹ̀ sí àárín àwọn ihò káàdì, ẹ fi wá ìwé ìléwọ́ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì ka ibi tó ti sọ ihò tó ń bá òmíràn pín ọ̀nà. Lẹ́yìn náà, ẹ kó wáyà háàdì méjèèjì lọ sí ihò SATA tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn, tàbí kí ẹ gbé SSD lọ sí ihò M.2 kìíní. Bí kò bá sí ihò SATA tó ṣẹ́ kù, káàdì SATA kékeré tó ń wọ ihò PCIe, ìyẹn ihò káàdì orí mọ́dábọ́ọ̀dù, yóò yanjú rẹ̀. Èmi alára ti fi odidi ọ̀sán kan pààrọ̀ wáyà lórí irú ọ̀rọ̀ yìí rí kí n tó ṣí ìwé ìléwọ́ wò. N kò gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà náà, nítorí ojú tì mí.

Ìbéèrè: Èmi ni mo ń bójú tó kámẹ́rà ní ìjọ wa. Káàdì tó ń gba àwòrán láti ara kámẹ́rà wọ inú kọ̀ǹpútà kò dà wá láàmú rí nígbà tí a ń lo 1080, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí a ti ra kámẹ́rà 4K, tí àwòrán rẹ̀ tóbi ju ti 1080 lọ, ni àwòrán ti ń já, tí ó sì ń fò. Ìwé káàdì náà sọ pé ó gba 4K. Mo ti pààrọ̀ wáyà HDMI lẹ́ẹ̀mejì.

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ẹrù náà ná. Àwòrán 4K kan ní ojú àmì (píksẹ́ẹ̀lì) 3840 ní ìbú àti 2160 ní òró. Bí ojú àmì kọ̀ọ̀kan bá gba báìtì 2, tí àwòrán 60 sì ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ohun tó ń wọlé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́gábáìtì 1,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ti 1080 kò tó 250 ní irú eré kan náà. Ọ̀nà kan ṣoṣo ti PCIe ìran kejì kò lè gbé ju 500 lọ. Nítorí náà, bí káàdì yín tó yẹ kó lo ọ̀nà mẹ́rin bá wà nínú ihò ọlọ́nà kan, 1080 yóò kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, 4K yóò sì há.

Ẹ má fi gígùn ihò ṣe ẹ̀rí. Ihò kan lè gùn bí èyí tí káàdì àwòrán ńlá ń wọ̀, kó sì jẹ́ pé ọ̀nà kan tàbí mẹ́rin péré ni wọ́n so mọ́ ọn nísàlẹ̀. Ẹ fi HWiNFO, ètò kan tó ń fi ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà hàn, wo iye ọ̀nà tí káàdì náà lè lò àti iye tó ń lò lọ́wọ́lọ́wọ́. Bí ó bá lè lo x4 (ọ̀nà mẹ́rin) ṣùgbọ́n tó jẹ́ x1 (ọ̀nà kan) ló ń lò, ẹ gbé e lọ sí ihò mìíràn, ṣùgbọ́n kí ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé ihò yẹn àti M.2 kan kò jọ ń pín ọ̀nà. Bí iye méjèèjì bá dọ́gba, ẹ gba àwòrán náà sílẹ̀ sórí SSD dípò háàdì dísìkì fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ wò ó bóyá ibi tí ẹ ń kó o sí ni kò lè gbà á bó ṣe ń yára wọlé.

Ìbéèrè: Mo gbé kọ̀ǹpútà mi nínú marúwá láti Ìjẹ̀dẹ́ wá sí Ẹ̀bùté. Ó ń tàn, fáànù ń yí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dúdú.

Ìdáhùn: Káàdì àwòrán yín wúwo, ọ̀nà náà sì ní kòtò. Ẹ pa á, ẹ yọ káàdì náà, ẹ fẹ́ eruku inú ihò rẹ̀ dànù, kí ẹ tì í padà títí ẹ ó fi gbọ́ kí ìdè ẹ̀yìn ihò náà dún “tá”, kí ẹ sì dè é ní ṣúkúrúù. Ẹ wo wáyà iná orí rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí wọ́ọ̀tì 75 péré ni ihò fúnra rẹ̀ lè fún un. Àwọn kan máa ń fi ìrésà ha ẹnu wúrà káàdì. Èmi kò fara mọ́ ọn, torí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wúrà náà. Aṣọ rírọ̀ àti ọtí ìfọ̀nǹkan tí omi kò pọ̀ nínú rẹ̀ ti tó.

Ìbéèrè: Bí mo bá ń da fídíò òde kan sórí NVMe mi, ó máa ń sáré gan-an níbẹ̀rẹ̀, tó bá wá di ìdajì, á bẹ̀rẹ̀ sí wọ́ bí ìgbín. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi ni?

Ìdáhùn: Ó lè má jẹ́ ayédèrú. Ọ̀pọ̀ SSD olówó pọ́ọ́kú ní apá kékeré kan tó yára, ibẹ̀ sì ni ohun tó ń wọlé kọ́kọ́ máa ń balẹ̀ sí. Bí ibẹ̀ bá kún, eré gidi tí SSD náà ní ló kù. Bí ó bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, apá náà á tún kéré sí i, nítorí náà ẹ máa fi bí ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ sílẹ̀ lófo. Ooru tún wà níbẹ̀: NVMe tó bá gbóná jù máa ń dín eré rẹ̀ kù fúnra rẹ̀, pàápàá bí ó bá wà lábẹ́ káàdì àwòrán nínú yàrá tí iná ti lọ, tó jẹ́ pé ínfátà ń gbé kọ̀ǹpútà ṣùgbọ́n kò gbé ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹ ṣí CrystalDiskInfo, ètò tó ń fi ooru SSD hàn, sílẹ̀ bí ẹ ti ń da fídíò náà. Bí eré bá já nígbà tí ooru ṣì wà ní 50 (ní dígírì Celsius), kì í ṣe ooru ló fà á. Bí ó bá já nígbà tó ń lé ní 80, ẹ bá a wá irin agbóoru.

Ìbéèrè: Háàdì mi ń dún “kẹ́ẹ́-kẹ́ẹ́-kẹ́ẹ́”. Ṣé kí n ṣe chkdsk, ètò Windows tó ń yẹ háàdì wò láti tún un ṣe, fún un?

Ìdáhùn: Rárá o. Iṣẹ́ tí chkdsk yóò gbé ka orí rẹ̀ lè jẹ́ èyí tí yóò pa á pátápátá. Bí ó bá ṣì ń ṣí, ẹ kọ́kọ́ kó fáìlì tí ẹ kò lè tún yà jáde, kí ẹ sì má kọ nǹkan kan sí i mọ́. Bí kò bá ṣí, ẹ pa á, kí ẹ má sì máa tàn án wò.

Ìbéèrè: Ọ̀gá, èmi oní-M.2 ni mo tún dé. Mo kó wáyà háàdì lọ sí ihò 3 àti 4 bí ẹ ṣe wí, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ti pé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí iṣẹ́ ìgbéyàwó náà, gbogbo fídíò inú rẹ̀ di pupa, ó ń kọ “Media Offline”.

Ìdáhùn: Fáìlì yín ṣì wà níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí Windows ti fún SSD tuntun ní lẹ́tà tí háàdì náà ń jẹ́ tẹ́lẹ̀: ibi tí iṣẹ́ yín ti ń wá fídíò lórí E, orí F ló wà báyìí. Ẹ ṣí Disk Management, ètò Windows tó ń bójú tó àwọn háàdì, ẹ yí lẹ́tà SSD kúrò ní E, kí ẹ sì dá E padà fún háàdì náà. Bí ibẹ̀ bá sọ pé kí ẹ “Initialize” (kí ẹ ṣètò bí ẹni pé tuntun ni) èyíkéyìí nínú àwọn háàdì àtijọ́, ẹ má ṣe é. Ẹ tẹ Cancel, kí ẹ gbé kọ̀ǹpútà náà wá sọ́dọ̀ mi.