Bí Mo Ṣe Ṣètò Owó Ìtọ́jú Ajá fún Ọdún Kan

Owó tí èèyàn fi ra ajá, ẹ̀ẹ̀kan ló máa san án. Èyí tí ajá ń ná ni lẹ́yìn náà ni mo jókòó ṣírò. Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ sórí ìwé kì í ṣe owó rárá, ìwọ̀n ni: kílò mélòó ni ajá náà máa wọ̀n bó bá dàgbà tán? Oúnjẹ o, oògùn aràn o, oògùn eégbọn o, títí dórí oògùn tí dókítà ẹranko fi ń mú un sùn fún iṣẹ́ abẹ, bí ajá bá ṣe tóbi tó ni owó wọn ṣe ń ga tó. Ẹni tó bá fi ìwọ̀n ọmọ ajá ṣírò, owó rẹ̀ ò ní tó. Kílò 20 ni mo fi ṣe tèmi.

Oúnjẹ ló gba ìṣirò jù. Àgbà ajá tó wọ̀n kílò 20, tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá, tí kì í sì í ṣe ajá ọdẹ, nílò nǹkan bíi kálórì 1,050 lóòjọ́. Kálórì 350 ni wọ́n kọ sẹ́yìn àpò tí mo mú fún gíráàmù 100, ìyẹn já sí gíráàmù 300 lóòjọ́, kílò 9 lóṣù. Àpò kílò 15 ló dínwó jù téèyàn bá pín in sí kílò kọ̀ọ̀kan, àmọ́ 50 ọjọ́ ló máa tó jẹ. Kò sì yẹ kí oúnjẹ gbígbẹ pẹ́ ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti já a, torí afẹ́fẹ́ ń ba ọ̀rá inú rẹ̀ jẹ́. Mo mú kílò 12, tó ń tán ní 40 ọjọ́.

Nígbà tí mo ń wé oúnjẹ kan mọ́ òmíràn, kálórì ni mo wò, mi ò wo owó kílò nìkan. Èyí tó ní kálórì 300 nínú gíráàmù 100 máa gba gíráàmù 350 lóòjọ́, àpò tó jọ pọ́ọ́kú á wá di ọ̀wọ́n. Ìpápánu ò kọjá ìdá kan nínú mẹ́wàá kálórì òòjọ́; ọjọ́ tí ajá bá jẹ ẹ́ tán pátá, gíráàmù 30 kúrò nínú oúnjẹ rẹ̀. Òṣùwọ̀n ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n o, ẹ má fi ife bù ú. Ife tó kún bàmùbàmù yàtọ̀ sí èyí tí a rẹ́ lórí.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ló mú kí ọdún àkọ́kọ́ wọ́n ju èyí tó tẹ̀ lé e lọ. Láti ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa tún un gún ní ọ̀sẹ̀ 3 tàbí 4 síra wọn títí ọmọ ajá á fi pé ọ̀sẹ̀ 16, ti dìgbòlugi sì máa ń wọ̀ ọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12. Ẹ béèrè bóyá owó àyẹ̀wò wà nínú owó abẹ́rẹ́. Ibẹ̀ ni ìṣirò ti máa ń yẹ̀. Oògùn aràn jẹ́ oṣooṣù títí di oṣù 6, lẹ́yìn náà ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún.

Oògùn eégbọn ní ààlà ìwọ̀n lára páálí. Bí ààlà bá wà ní kílò 20, ajá tó wọ̀n 21 ti bọ́ sí páálí tó wọ́n jù. Àwọn kan máa ń ra hóró ajá ńlá, wọ́n á gé e sí méjì. Mi ò fọwọ́ sí i, torí oògùn lè má pín dọ́gba nínú hóró náà.

Okùn, abọ́, ibùsùn àti owó títẹ̀ lọ́dàá, mo pa gbogbo wọn pọ̀, mo pín in sí 12. Abo máa ń gbowó ju akọ lọ torí inú rẹ̀ ni wọ́n máa là.

Owó pàjáwìrì wà lọ́tọ̀, nínú àkáǹtì tí mi ò ń fọwọ́ kàn. Mo ní kí dókítà sọ iye tó ń gbà fún iṣẹ́ abẹ inú, bí ìgbà tí ajá bá gbé egungun tàbí aṣọ mì, iye yẹn ni mo sì ń lé, díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. Adójútòfò ò ń sábà san owó àìsàn tó ti wà lára ajá kí wọ́n tó forúkọ sílẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó tètè ṣe é.

Tí ajá bá pé ọdún kan, ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n, kí ẹ fi ìwọ̀n rẹ̀ gan-an rọ́pò 20 yẹn, kí ẹ sì tún gbogbo rẹ̀ ṣírò.