Agent ń ṣiṣẹ́, àmọ́ a ò gbúròó server: bí mo ṣe wá ìdí rẹ̀ kàn

Lójú ìṣàkóso tí a fi ń mójú tó àwọn server wa, àwọ̀ ewé ni ti èyí tí ara rẹ̀ le, pupa ni ti èyí tí nǹkan ń ṣe. Àwọ̀ eérú ló burú jù lójú tèmi, nítorí ohun tó ń sọ ni pé a ò gbúròó server náà mọ́. Ó lè wà láàyè, ó sì lè ti kú. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, àwọn tó di eérú pọ̀, wọn ò sì dúró sójú kan. Èyí tó jẹ́ eérú láàárọ̀ á ti di ewé kó tó di ọ̀sán, òmíràn á sì ti bọ́ sípò rẹ̀.

Fún ẹni tí kò bá mọ agent, sọ́fítíwíà kékeré kan ni, orí server kọ̀ọ̀kan la máa ń fi í sí. Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe. Ó ń ròyìn fún server àgbà: àyè tó kù lórí dísíìkì, mẹ́mórì tí wọ́n ti lò, iṣẹ́ tó ń lọ àti èyí tó ti dúró. Ó sì tún ń gba àṣẹ láti ọ̀dọ̀ server àgbà yẹn: gba àtúnṣe yìí, tún iṣẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀, pa ara rẹ kí o sì tún tan. Ẹ fi iṣẹ́ kejì yìí sọ́kàn, torí òun ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ká mi lára.

Ọ̀gá mi ní ká yọ agent náà kúrò lórí gbogbo wọn, ká tún un fi sí i látìbẹ̀rẹ̀. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.” Wọ́n gbà fún mi. Ìdí tí mo fi bẹ̀bẹ̀ ni pé tí ẹ bá yọ agent kúrò, ó sábà máa ń kó àkọsílẹ̀ rẹ̀ àti fọ́ńdà (folder) tó fi ń ṣiṣẹ́ lọ pẹ̀lú. Tí nǹkan bá wá dára lẹ́yìn náà, a ò ní mọ ohun tó mú un dára. Tí kò bá dára, ẹ̀rí ti lọ.

Àṣẹ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ nìyí. Mo fi “agent” rọ́pò orúkọ iṣẹ́ náà gan-an, kí ẹ fi tiyín síbẹ̀:

systemctl status agent
journalctl -u agent --since today

Ìdáhùn tí àkọ́kọ́ fún mi ni pé agent wà ní ipò active. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń dúró, tí wọ́n á ní agent kọ́ ló ní ẹ̀bi. Gbogbo ohun tí active ń sọ kò ju pé systemd, ètò tó ń tan iṣẹ́ lórí Linux, tan iṣẹ́ náà, iṣẹ́ náà ò sì tíì kú. Kò sọ pé ó ń bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, áḿbọ̀sìbọ́sí pé ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ ń gbọ́ ọ.

Mo wá yẹ ojú ọ̀nà wò. Mo lo getent hosts láti mọ̀ bóyá server náà mọ àdírẹ́sì server àgbà, ss -tnp láti wò ó bóyá ìsopọ̀ wà ní ipò ESTAB (ó ti fìdí múlẹ̀), openssl s_client láti wo ìwé ẹ̀rí TLS (ti ìsopọ̀ tí a fi ààbò sí) tí server àgbà ń fi hàn, àti chronyc tracking láti wo aago. Ó tó kí èèyàn má fojú kéré aago yẹn. Ọ̀kan nínú àwọn server náà jẹ́ èyí tí wọ́n dá dúró fún ìgbà pípẹ́ tí wọ́n sì jí padà, ibi tí wọ́n ti dá a dúró sì ni aago rẹ̀ ṣì wà. Server àgbà ti gba ìwé ẹ̀rí tuntun láàárín àsìkò yẹn. Lójú server tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, ọjọ́ tí ìwé ẹ̀rí náà máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kò tíì pé, ló bá kọ̀ ọ́. chronyc makestep ló yanjú rẹ̀. Lórí òmíràn, agent ń ké pé dísíìkì ti kún, bẹ́ẹ̀ df -h ní àyè ṣì wà dáadáa. df -i ló tú àṣírí: inode, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí fáìlì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní lórí dísíìkì, ló ti tán, torí pé ìròyìn tí agent ò rí rán ti di fáìlì kéékèèké tí kò lóǹkà nínú fọ́ńdà tó ń tò wọ́n sí.

Àwọn méjèèjì yẹn ní tiwọn lọ́tọ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn tó kù ni iṣẹ́ gan-an wà.

Nínú àkọsílẹ̀ tiwọn, agent ń wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Á kí server àgbà, server àgbà á gbà á, ìsopọ̀ á dúró. Tó bá ṣe díẹ̀, server àgbà á já a, ohun tó sì máa ń kọ gẹ́gẹ́ bí ìdí ni “session replaced”. Agent á sinmi díẹ̀, á tún padà wọlé. Wọ́n ní ẹnì kan ti gba ipò rẹ̀. Ta wá ni onítọ̀hún?

Mo ṣí fèrèsé méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Mo fi journalctl -f sórí server kan lápá òsì, mo sì fi òun kan náà sórí server mìíràn lápá ọ̀tún, mo wá jókòó tì wọ́n. Apá òsì kọ connected. Kí n tó ṣẹ́jú, apá ọ̀tún ti kọ session replaced. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Apá ọ̀tún kọ connected, apá òsì náà sì kọ session replaced lójú ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é lọ, bí ẹni méjì tó ń du àga kan ṣoṣo. Mo padà sí ojú ìṣàkóso, mo ń sọ ojú ìwé náà dọ̀tun, orúkọ tó wà lórí ìlà kan náà sì ń yí padà níṣojú mi. Ìlà kan, server méjì.

Ara mi ò gbà á mọ́ nígbà tí mo rí ìyẹn. Tí ẹnì kan bá pàṣẹ pé kí server ìdánwò pa ara rẹ̀ kó tún tan, àṣẹ yẹn ò mọ server, ìdánimọ̀ ló mọ̀. Èyí tí ìsopọ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ lásìkò náà ló máa gbà á, ó sì lè jẹ́ èyí tí dátábéèsì àwọn oníbàárà wà lórí rẹ̀. Nítorí náà, kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo dá gbogbo iṣẹ́ tó ń dúró de àwọn server yẹn dúró, mo sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́ wa pé kí ẹnikẹ́ni má fi àṣẹ kankan ránṣẹ́ sí wọn títí n ó fi sọ̀rọ̀. Tí ìdánimọ̀ bá ti dàrú, èmi ò rí ohun tó yẹ kó ṣáájú ìyẹn. Àwọ̀ eérú lè dúró dè wá, àṣẹ tó ṣìnà ò ní dúró de ẹnikẹ́ni.

Nígbà àkọ́kọ́ tí agent wa bá gbéra lórí ẹ̀rọ kan, ó máa ń ṣe nọ́ńbà ìdánimọ̀ fún ara rẹ̀, inú /etc/machine-id ló sì ti ń fà á yọ. Fáìlì yẹn ni Linux tó ń lo systemd fi ń dá ẹ̀rọ kan mọ̀ yàtọ̀ sí òmíràn. Àmì 32 ló wà nínú rẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà, ẹ̀rọ méjì ò sì gbọ́dọ̀ ní irú kan náà. Mo kó orúkọ àwọn server sínú servers.txt, mo sì bi gbogbo wọn léèrè pọ̀:

for h in $(cat servers.txt); do
  echo "$(ssh $h cat /etc/machine-id) $h"
done | sort | uniq -w32 -D

-w32 ní kí uniq wo kìkì àmì 32 tó ṣáájú lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. -D ní kó tẹ gbogbo àwọn tó bá jọra jáde, kó má fo ẹyọ kan. Tí kò bá tẹ nǹkan kan jáde, a jẹ́ pé àlàáfíà wà. Tiwa kún ojú kọ̀ǹpútà fọ́fọ́.

Lẹ́yìn èyí, orísun rẹ̀ ò ṣòroó rí. Ara àwòṣe kan ni wọ́n ti dà gbogbo wọn: ẹ̀rọ kan tí a ti to gbogbo nǹkan sí, tí a wá ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ nígbàkígbà tí a bá fẹ́ server tuntun. Ẹni tó kọ́ àwòṣe náà fi agent sí i, ó tan án kó lè rí i pé ó ń ṣiṣẹ́, ó sì tì í pa. Ẹni tó ń fara balẹ̀ ṣiṣẹ́ ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n agent ti gba ìdánimọ̀ kó tó di pé wọ́n ti àwòṣe pa, ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ló sì gbé ìdánimọ̀ yẹn wáyé. Ká ní a ti yọ agent kúrò tí a tún un fi sí i bí a ṣe kọ́kọ́ fẹ́ ṣe é ni, machine-id ì bá wà bó ṣe wà, agent tuntun ì bá sì tún fa ìdánimọ̀ àtijọ́ yọ.

Mo mú ọ̀kan tí kò gbé ẹrù wúwo nínú àwọn server náà, mo sì kọ́kọ́ dán an wò lórí rẹ̀:

systemctl stop agent
cp -a /var/lib/agent /root/agent-atijo
rm /var/lib/agent/id
rm -f /var/lib/dbus/machine-id
truncate -s 0 /etc/machine-id
systemd-machine-id-setup
ln -s /etc/machine-id /var/lib/dbus/machine-id
reboot

Ìlà kẹrin ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, fáìlì dbus (ètò tí àwọn iṣẹ́ Linux fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀) yẹn kàn ń tọ́ka sí /etc/machine-id ni. Lórí àwọn kan, fáìlì gidi tó dá dúró ni. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀, systemd-machine-id-setup á ka nọ́ńbà àtijọ́ inú rẹ̀, á sì dá a padà sí /etc/machine-id. Ẹ ó rò pé ẹ ti yí i, kò sì sí ohun tó yí. Lórí ẹ̀rọ KVM (ẹ̀rọ àfarawé tó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ mìíràn) pẹ̀lú, ó lè mú nọ́ńbà tuntun náà láti ara UUID ẹ̀rọ, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀, nítorí náà ẹ rí i pé àwọn UUID ò jọra.

Ohun méjì wà tó lè já èèyàn láyà lẹ́yìn tí server bá padà tan. Àkọ́kọ́ ni pé journalctl ò ní fi àkọsílẹ̀ àtijọ́ hàn mọ́. Kò sọnù. Inú /var/log/journal ni àkọsílẹ̀ wà, fọ́ńdà tó wà níbẹ̀ sì ń jẹ́ machine-id, àtijọ́ lọ́tọ̀, tuntun lọ́tọ̀. Ẹ fi journalctl -D tọ́ka sí fọ́ńdà àtijọ́, ẹ ó rí gbogbo rẹ̀. Ìkejì ni àdírẹ́sì IP. Níbi tí systemd-networkd bá ti ń gba àdírẹ́sì lọ́wọ́ DHCP (ètò tó ń pín àdírẹ́sì fún ẹ̀rọ), ara machine-id ló ti ń fa nọ́ńbà tó fi ń júwe ara rẹ̀ fún DHCP yọ, àdírẹ́sì mìíràn sì lè dé bá yín. Mo ti sọ fún àwọn tó ń mójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì kí n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ti ń retí rẹ̀.

Nígbà tí èyí yọrí, mo ṣe àwọn yòókù díẹ̀díẹ̀, mi ò da gbogbo wọn pọ̀. Mo wá pa ìdánimọ̀ àtijọ́ rẹ́ lójú ìṣàkóso. Níwọ̀n ìgbà tí server àgbà bá ṣì ń gbà á, ẹ̀dà èyíkéyìí tí a gbàgbé síbì kan lè tún fi wọlé. Tó bá ti parẹ́, ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ á kanlẹ̀kùn, wọn ò ní ṣí fún un, a ó sì rí i nínú àkọsílẹ̀.

Mi ò gba àwọ̀ ewé gbọ́ lásán. Láti ojú ìṣàkóso, mo fi àṣẹ hostname ránṣẹ́ sí ìlà kọ̀ọ̀kan, mo sì ń wò ó bóyá orúkọ tó padà wá bá orúkọ tó wà lórí ìlà náà mu. Àṣẹ yẹn ò lè ba nǹkan kan jẹ́, ohun tó sì dàrú gan-an ló ń dán wò. Mo tún dá iṣẹ́ kan tí kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá dúró lórí àwọn kan nínú wọn, mo sì dúró títí ìkìlọ̀ rẹ̀ fi yọ.

Ó ku àwòṣe. Mo yọ fáìlì ìdánimọ̀ agent kúrò nínú rẹ̀, mo sì sọ /etc/machine-id di òfìfo. Mi ò pa á rẹ́: ó sàn kó wà níbẹ̀ kí inú rẹ̀ sì ṣófo, systemd á kọ ọ̀rọ̀ sí i nígbà tí ẹ̀dà bá kọ́kọ́ tan. Àwọn kọ́kọ́rọ́ SSH (ọ̀nà tí a fi ń wọ server láti òkèèrè) tó wà ní /etc/ssh/ssh_host_* náà ò gbẹ́yìn, torí gbogbo ẹ̀dà ló ń lo ẹyọ kan náà, èyí sì burú fún ààbò. Ẹ rí i dájú pé nǹkan kan wà tí yóò ṣẹ̀dá kọ́kọ́rọ́ mìíràn nígbà tí ẹ̀dà bá tan, kí ẹ tó pa wọ́n rẹ́, kí SSH má bàa kọ̀ láti gbéra. Ẹni tí kò bá fẹ́ fọwọ́ ṣe é lè lo virt-sysprep. Lórí Windows, sysprep pẹ̀lú /generalize ni irinṣẹ́ tó wà fún un.

Mo dá ẹ̀dà méjì láti ara àwòṣe tuntun náà, mo fi orúkọ wọn kún servers.txt, mo sì tún ṣe àyẹ̀wò lórí gbogbo wọn. Kò tẹ nǹkan kan jáde. Mo gbé àyẹ̀wò náà sínú cron (ètò tó ń ṣe iṣẹ́ ní àkókò tí a yàn), kó máa fi lẹ́tà ránṣẹ́ tó bá rí ìdánimọ̀ tó jọra, kó sì máa ka iye server tó wà lójú ìṣàkóso mọ́ iye tó wà lórí hypervisor (ètò tó ń gbé àwọn ẹ̀rọ àfarawé ró). Lẹ́yìn náà ni mo wá ṣí àwọn iṣẹ́ tí mo dá dúró, àwọn server ìdánwò ló sì kọ́kọ́ gba tiwọn.