Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni kí ẹ wò: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbi ríra píkọ́ọ̀pù akẹ́rù

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, Àlàájì kan wa píkọ́ọ̀pù Ford wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ní ọ̀nà Ìkìrun níbí l'Óṣogbo. Ìdí ọkọ̀ náà ti wọlẹ̀ débi pé táyà ẹ̀yìn ń ha ọkọ̀ lára, imú rẹ̀ sì ń wo òkè. Àpò símẹ́ńtì 35 ni àwọn ọmọ ti kó sí i ní Ìgbọ̀nà, wọ́n ń gbé e lọ síbi tí Àlàájì ti ń kọ́lé lọ́nà Ìlobùú. Wọ́n ní kí n bá àwọn fi sípíríǹgì méjì kún ti ẹ̀yìn. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ka nọ́ọ̀tì táyà. Mẹ́fà ni.

Mo ní, "Àlàájì, ẹ má bínú sà, kí ni wọ́n pè é nígbà tí ẹ ń rà á?"

Wọ́n ní, "F-250 mà ni. Ṣé o ò rí i lára ẹ̀ ni?"

Lóòótọ́ ni, F-250 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń dán yinrin. Ṣùgbọ́n F-150 ọdún 2010 ni ọkọ̀ náà, èyí tí agbára ẹrù rẹ̀ kéré sí ti F-250. Owó F-250 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn, ẹrù tó tilẹ̀ ju agbára F-250 lọ ni wọ́n sì ń dì lé e láti ìgbà náà. Ó dùn mí wọra, torí kì í ṣe Àlàájì nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí lójú mi.

Ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọkọ̀ lára, ẹ má rà á. Gọ́ọ̀mù ló di nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn yẹn mú. Ẹni tó bá ní omi gbígbóná àti okùn tẹ́ẹ́rẹ́ á yọ ọ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, á sì lẹ òmíràn. Ọ̀rọ̀ bíi XLT, Lariat tàbí King Ranch, àga àti ọ̀ṣọ́ inú ọkọ̀ ni wọ́n ń sọ. Ẹ ó bá wọn lára F-150, ẹ ó bá wọn lára F-250 náà. Z71 tó wà lára Chevrolet, ti ọ̀nà gbágungbàgun ni, kò kan ẹrù.

Nọ́ńbà orúkọ náà ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Mo ti gbọ́ ọ létí ara mi tí ẹnì kan ń ṣàlàyé fún ìyàwó rẹ̀ pé Silverado 1500 ti Chevrolet á gbé 1,500 kílò, pé 2500 á gbé 2,500. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àdàpè àtijọ́ ni: ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ 1500 àti F-150 ni wọ́n ń pè ní ìdajì tọ́ọ̀nù, ẹgbẹ́ 2500 àti F-250 jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin tọ́ọ̀nù, ẹgbẹ́ 3500 àti F-350 sì jẹ́ tọ́ọ̀nù kan. Ọkọ̀ ti lágbára ju ìyẹn lọ báyìí, orúkọ ló kù. Ohun tí kò yí padà ni pé ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ jẹ́ ti ẹrù fífúyẹ́, méjì tó kù ni àwa mẹkáníìkì ń pè ní hẹ́fì.

Títóbi ara ọkọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ wo Tundra bó ṣe fẹ̀ tó, ẹ́ńjìnì V8 wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, síbẹ̀ Toyota kò ṣe Tundra tó jẹ́ hẹ́fì rí. Hilux tí gbogbo wa ń rí káàkiri Òkè-Fíà àti Ọjà Ọba kéré sí F-150 lójú, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ Hilux ni ilé iṣẹ́ ṣe láti gbé ohun tó sún mọ́ tọ́ọ̀nù kan, nígbà tí ọ̀pọ̀ F-150 onílẹ̀kùn mẹ́rin kò tó bẹ́ẹ̀. Mo mọ àwọn tó ta Hilux wọn kí wọ́n lè ra "ọkọ̀ ńlá" tí yóò kó iṣu láti Ìbòkun, tó sì jẹ́ pé ẹrù tó tọ́ kí wọ́n kó ló tún dínkù.

Ó yá, ibo ni ká wò? Ẹsẹ̀. Nọ́ọ̀tì táyà ni ẹ kọ́kọ́ kà. F-250, F-350, Silverado 2500HD, Ram 2500, mẹ́jọ mẹ́jọ ni. F-150 láti 2004 ní mẹ́fà, Silverado 1500 ní mẹ́fà, Tundra láti 2007 dé 2021 ní márùn-ún. Ẹ má sì jẹ́ kí nọ́ọ̀tì nìkan parí ẹjọ́ o. Àwọn F-150 kan wà tó ní méje. Láàárín 1997 sí 1999, Ford ṣe F-250 kan tó jẹ́ pé ara F-150 ló gbé wọ̀, méje ni tirẹ̀ náà. Ram 1500 Mega Cab ti 2006 sí 2008 wá ní mẹ́jọ, torí ẹsẹ̀ hẹ́fì ni wọ́n gbé e lé.

Nítorí náà, lẹ́yìn tí ẹ bá ka nọ́ọ̀tì tán, ẹ lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn. Ti ẹ̀yìn ni mo wí o, torí tiwájú lè tan yín. Bí wọ́n bá ti fi ìdérí bo àárín ráìmù, ẹ ní kí wọ́n ṣí i. Lára hẹ́fì, ẹ ó rí irin roboto kan tó yọ síta láàárín ráìmù bí ìdodo ọmọdé, tí bóòtù kéékèèké yí ojú rẹ̀ ká. Orí ṣáàfù nìyẹn. Nínú hẹ́fì, páìpù irin tó bo ṣáàfù ló ru ẹrù, bíárìn ló sì di hóòbù, irin tí wọ́n ń de táyà mọ́, mú sórí páìpù náà. Iṣẹ́ ṣáàfù kò ju kó yí táyà lọ. Bí ṣáàfù bá tilẹ̀ kán, táyà á ṣì wà níbi tó wà. Nínú F-150 àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣáàfù tó ń yí táyà náà ló tún ń ru ẹrù. Bí ó bá kán lábẹ́ ẹrù, táyà lè bá a jáde lórí eré. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fáwọn ọmọ iṣẹ́ mi pé kí wọ́n wo ìdodo kí wọ́n tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu onímọ́tò. Ojú lásán ti tó, kò gba jáàkì.

Ẹ tún wo ara táyà. Bí wọ́n bá kọ LT ṣáájú nọ́ńbà rẹ̀, tí E sì wà níbi tí wọ́n kọ agbára ẹrù sí, táyà hẹ́fì ni. Ṣùgbọ́n táyà ṣeé pààrọ̀, ẹ kàn fi kún ẹ̀rí yòókù ni.

Ti dísù kò gba àlàyé púpọ̀. Bí ọkọ̀ bá ń kù bíi tírélà, kò sọ ọ́ di hẹ́fì. Dísù wà nínú F-150 ti 2018 sí 2021, ó wà nínú Ram 1500 láti 2014 sí 2023. Bẹ́ẹ̀ náà ni F-250 tó ń lo bẹntiróòlù pọ̀ lọ jàra. Ẹ́ńjìnì 5.4 kan wà tí Ford fi sínú F-150 àti F-250 nígbà kan náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí ni etí ilẹ̀kùn awakọ̀. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ wo òpó tí ilẹ̀kùn ń tì mọ́ àti etí ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀. Ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá máa ń ní sítíkà níbẹ̀. Ẹ wá GVWR. Òun ni àpapọ̀ ìwúwo ọkọ̀, epo, èèyàn àti ẹrù tí ọkọ̀ kò gbọdọ̀ kọjá. Bí ó bá lé ní 8,500 pọ́ùn, ìyẹn bíi 3,856 kílò, inú hẹ́fì ló wà. Ti Àlàájì, 7,200 pọ́ùn ló wà níbẹ̀. Sítíkà kejì wà tó ya táyà sójú. Ó ń sọ iye kílò tí èèyàn àti ẹrù lápapọ̀ kò gbọdọ̀ kọjá. Ti Àlàájì sọ pé 708 kílò.

A jọ ṣírò ó lórí páálí níbẹ̀. Awakọ̀ àti ọmọ kan tó ń já ẹrù, ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sí 150 kílò. Ó ku 558. Àpò símẹ́ńtì kan jẹ́ 50 kílò. Mọ́kànlá, ó pin. Wọ́n sì ń kó 35, ìyẹn 1,750 kílò! Àlàájì mú bírò lọ́wọ́ mi, wọ́n tún un ṣe fúnra wọn.

Kí ẹ tó sọ pé F-250 ì bá gbé e: F-250 onílẹ̀kùn mẹ́rin tó ń lo dísù wúwo púpọ̀ fúnra rẹ̀, ìwúwo yẹn ń jẹ nínú ẹrù tó lè gbé. Ọ̀pọ̀ wọn kò ju tọ́ọ̀nù kan àti díẹ̀ lọ. Àpò 35 á pọ̀ jù fún un.

Bí wọ́n bá ti kùn ún mọ́ sítíkà, tàbí tí ó ti ya dànù, ẹ ka nọ́ńbà ṣáàsì láti ìta nípasẹ̀ gíláàsì iwájú, lápá ọ̀dọ̀ awakọ̀. Lára píkọ́ọ̀pù Ford, ẹ ka lẹ́tà àti nọ́ńbà náà láti apá òsì títí dé ìkẹfà. Bí ìkẹfà bá jẹ́ 1, F-150 ni. Bí ó bá jẹ́ 2, F-250 ni. 3 sì jẹ́ F-350. Ẹni tó bá ń tà á lè bínú pé ẹ ń yẹ̀ ẹ́ wò jù. Ẹ jẹ́ kó bínú.

Ọ̀rọ̀ sípíríǹgì tí Àlàájì bẹ̀ mí fún ló kù, òun ló sì ń bà mí lẹ́rù jù. Sípíríǹgì tí a bá fi kún un á gbé ìdí ọkọ̀ sókè lóòótọ́, ọkọ̀ á dúró bí ọkùnrin, ẹni tó ni ín á rò pé ó ti di hẹ́fì. Bíréèkì kò yí padà. Ṣáàfù kò yí padà. Ẹsẹ̀ iwájú, bíárìn, ṣáàsì, ìkankan wọn kò mọ̀ pé a fi irin kún ẹ̀yìn. Ohun tó yí padà kò ju pé ọkọ̀ kò tún ní wọlẹ̀ mọ́ láti kìlọ̀ fún awakọ̀ pé ẹrù ti pọ̀. Lọ́jọ́ tó bá dé ibi tó dà gẹ̀rẹ́ pẹ̀lú ẹrù yẹn, bíréèkì á gbóná, kò sì ní mú mọ́. Mi ò bá ẹnikẹ́ni ṣe é mọ́, bí owó ṣe lè wù kó pọ̀ tó.

Tí ẹ bá ń ra pààtì, ẹ má wí fún ọlọ́jà pé "ti Ford píkọ́ọ̀pù" lásán. Páàdì bíréèkì, bíárìn àti bọ́ọ̀lù jọ́ìntì F-150 kì í sábà wọ F-250, bí ọdún wọn tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan. Ẹ mú nọ́ńbà ṣáàsì dání.

Ní ti Àlàájì, a já àpò 24 sílẹ̀ lábẹ́ òrùlé ṣọ́ọ̀bù mi, a fi tápólì bò ó. Ìrìn mẹ́rin ni awakọ̀ rìn kí símẹ́ńtì tó dé ọ̀nà Ìlobùú tán. Kí wọ́n tó lọ, Àlàájì tún ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n fi fóònù ya sítíkà náà, wọ́n ní àbúrò àwọn fẹ́ ra ọ̀kan lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.