Ẹ Má Fi Owó Ra Ọ̀rọ̀ Tí Kò Yé Yín: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Ìwádìí Lórí Mùsùlùmí àti Agbésùnmọ̀mí

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá mi ní Wuse lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ há abíyá, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Àjọ kékeré tó dá sílẹ̀ ti rí owó ìrànwọ́ gbà, ó sì fẹ́ mọ iye ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ní Nyanya àti Mararaba tí ọkàn wọn ti ń fà sọ́dọ̀ agbésùnmọ̀mí. Mo bi í pé ibo ló ti rí ìwé ìbéèrè. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba ni mo ti mú un. Ibi tí wọ́n kọ Britain sí, mo ti pa á rẹ́, mo fi Nàìjíríà rọ́pò." Mo tún bi í pé èló ló ti ná lórí ìtẹ̀wé nìkan. Nígbà tó dárúkọ owó ọ̀hún, mo ní kó bá mi ra omi tútù ná.

Ó pẹ́ tí mo ti ń kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn bi wọ́n ní ìbéèrè ní Abuja àti káàkiri Òkè Ọya, irú èyí sì ti sú mi. Ẹni tó ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ni mò ń bá wí. Ẹni tí kò bá tíì mọ̀ ọ́n, kó lọ kọ́ ọ kó tó padà wá gba ìbáwí tirẹ̀.

1. Ẹ má ka àkọlé ṣáájú ìbéèrè. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2015, kété lẹ́yìn ìkọlù Paris, ìwé ìròyìn The Sun gbé e sójú ewé àkọ́kọ́ pé ẹnì kan nínú Mùsùlùmí márùn-ún ní Ìlú Ọba ló ní "sympathy" (ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó lè jẹ́ àánú, tó sì tún lè jẹ́ ìfaramọ́) fún àwọn ajìhádì. Ilé iṣẹ́ Survation ló bá wọn bi àwọn èèyàn. Ẹ lọ wo ìbéèrè náà: kò dárúkọ ISIS, ẹgbẹ́ agbésùnmọ̀mí tó wà ní Síríà àti Ìráàkì, rárá. Ohun tó ń bèèrè ni bí ẹ ti ní "sympathy" tó sí àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí tó kúrò nílé lọ dara pọ̀ mọ́ àwọn jagunjagun ní Síríà. Jagunjagun wo? Àwọn tó ń bá Assad, ààrẹ Síríà nígbà náà, jà wà níbẹ̀, àwọn Kurd tó ń bá ISIS gan-an jà wà níbẹ̀. Nínú ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n ń pariwo, nǹkan bí 5 péré ló sọ pé "púpọ̀". "Díẹ̀" ni àwọn yòókù mú. Ní oṣù kẹta ọdún 2016, IPSO tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìwé ìròyìn lọ́hùn-ún dá a pé ìròyìn náà ṣi àwọn èèyàn lọ́nà gidi.

Kí ẹ tó sọ pé mò ń fi The Sun ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Èmi náà ti bá "sympathy" yìí jà rí, ó sì dá mi mọ́lẹ̀.

Iṣẹ́ kan ni wọ́n gbé fún wa, ìwé ìbéèrè rẹ̀ jẹ́ èdè mẹ́ta: Gẹ̀ẹ́sì, Hausa àti Yorùbá. Èmi ni mo túmọ̀ ti Yorùbá. Mo dé ibi "sympathy", mi ò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì, mo kọ ọ́ pé: "Ǹjẹ́ àánú àwọn ọ̀dọ́ tó lọ dara pọ̀ mọ́ agbésùnmọ̀mí ń ṣe yín?" Ẹni tó ṣe ti Hausa kọ "tausayi", àánú náà ni. A yẹ iṣẹ́ ara wa wò, a mi orí síra wa bí àgbà. Ó di Mararaba. Ọmọbìnrin kan nínú àwọn tí mo kó lọ jókòó ti Alhaja kan, ará Ìlọrin, tó ń dín àkàrà lẹ́bàá títì; mo dúró lẹ́yìn wọn, mò ń gbọ́. Ó ka ìbéèrè náà. Alhaja fi síbí ìdínkàrà lélẹ̀. "Àánú wọn? Ọmọ ọlọ́mọ tí wọ́n tàn wọ igbó, tí ìyá rẹ̀ wà nílé tí kò rí oorun sùn? Àánú wọn ń ṣe mí o, ọmọ mi. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí i." Ọmọbìnrin náà tẹ "púpọ̀". Àkàrà kan ti jóná nínú epo.

Bí Alhaja ṣe di alátìlẹ́yìn agbésùnmọ̀mí nínú kọ̀ǹpútà wa nìyẹn. Alhaja tí ọmọ àbúrò rẹ̀ wà ní gáréèjì Nyanya lọ́jọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 2014 nígbà tí bọ́ǹbù dún.

Ó yẹ kí n dá iṣẹ́ náà dúró lọ́jọ́ yẹn. N kò dá a dúró. Mo sọ fún ara mi pé tó bá pọ̀ tán, yóò tọ́ ara rẹ̀ sọ́nà. Nígbà tí èsì jáde, àwọn tó dáhùn ní Yorùbá àti Hausa "ní sympathy" rẹpẹtẹ, àwọn tó fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn kò ní tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá kan ní ọ́fíìsì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìwé kíkà ló ń gba ọ̀dọ́ lọ́wọ́ àṣejù ẹ̀sìn! Ìtumọ̀ mi ló ń wò, ó pè é ní ẹ̀kọ́ ìwé. A tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Owó ọ̀kadà àti káàdì ìpè ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti bá a lọ.

Nítorí náà, ẹ wá ẹni tí kò rí ti Gẹ̀ẹ́sì rí, kó dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì fún yín. Ẹ bi èèyàn mẹ́wàá léèrè pé, "Kí lẹ gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí?" kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Tí ẹ bá kọ "jihadi" fún ará Sokoto, Usman dan Fodio ọdún 1804 ló máa wá sí i lọ́kàn, tọkàntọkàn ni yóò sì fi yìn ín. Tí ẹ bá kọ "agbawèrèmẹ́sìn" fún Yorùbá, èébú ni. Ta ni yóò ní òun ni?

2. Ẹ má wọn Mùsùlùmí nìkan. Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ ìwádìí Gallup gbé iṣẹ́ kan jáde lọ́dún 2011: nínú 100 Mùsùlùmí, 78 ló ní kò tọ́ láéláé kí ọmọ ogun dojú kọ aráàlú lásán kí wọ́n sì pa wọ́n. Nínú àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì, 38. Nínú àwọn Kátólíìkì, 39. Pew, ilé iṣẹ́ ìwádìí mìíràn níbẹ̀, náà bèèrè irú rẹ̀ ní 2017, lórí pípa aráàlú nítorí òṣèlú tàbí ẹ̀sìn: 76 nínú 100 Mùsùlùmí ní kò tọ́ láé, 59 ni ti gbogbo ará Amẹ́ríkà lápapọ̀. Ẹ ò bi aládùúgbò, ẹ wá ń kéde pé ilé kejì ń jó.

3. Ẹ má da "ó ṣọ̀wọ́n" pọ̀ mọ́ "lọ́pọ̀ ìgbà". Lọ́dún 2007, Pew rí i pé 15 nínú 100 ọ̀dọ́ Mùsùlùmí Amẹ́ríkà tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún ló ní bọ́ǹbù àfipara-ẹni lè tọ́ lọ́pọ̀ ìgbà tàbí nígbà mìíràn. Àwọn kan ṣa "ó ṣọ̀wọ́n" kún un, ó di 26, wọ́n pè é ní ìdá kan nínú mẹ́rin.

Ẹ má rán ọkùnrin lọ bi ẹlẹ́hàá ní ìbéèrè.

Ẹ má sì bi ẹnikẹ́ni léèrè nípa Boko Haram nígbà tí sójà ń wo yín láti ibi tí wọ́n ti ń dá ọkọ̀ dúró.

Ẹ̀kẹrin àbí ẹ̀kẹfà, mi ò mọ̀ mọ́: báwo lẹ ṣe rí Mùsùlùmí tí ẹ bi? Orúkọ ìdílé ni Survation fi ṣa tiwọn. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ láàárín Yorùbá ní Kubwa kí ẹ rí i. Pásítọ̀ Lawal ni yóò kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn fún yín, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n jọ mu ọmú kan náà jẹ́ Alhaji. Ìwádìí tí ilé iṣẹ́ ICM ṣe fún Channel 4, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní Ìlú Ọba, ní 2016 bi Mùsùlùmí 1,081, àmọ́ àdúgbò tí Mùsùlùmí ti tó ìdá 20 nínú 100 nìkan ni wọ́n lọ. Ti Nàìjíríà burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: láti 1963, kò sí ìkànìyàn tó bèèrè ẹ̀sìn tí a ní àbọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tó bá ní òun ti fi iye ẹlẹ́sìn kọ̀ọ̀kan ṣe àtúnṣe èsì òun, ẹ bi í pé níbo ló ti rí iye náà.

Lẹ́yìn èyí, èrò kì í ṣe ìwà. UNDP, àjọ ìdàgbàsókè ti Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé, gbé iṣẹ́ kan jáde ní 2017 tó bá àwọn tó ti wọ ẹgbẹ́ agbésùnmọ̀mí ní Áfíríkà sọ̀rọ̀, Nàìjíríà wà lára ibi tí wọ́n dé. Àwọn 495 ló fi ẹsẹ̀ ara wọn wọlé. Ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ní ohun tí ìjọba ṣe ló tì wọ́n wọ̀ ọ́ gbẹ̀yìn: bíi kí wọ́n pa ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ wọn, tàbí kí wọ́n wá mú irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdá 57 jẹ́wọ́ pé ìwé ẹ̀sìn kò fi bẹ́ẹ̀ yé àwọn, àbí kò yé àwọn rárá. Ẹ wo ìwé ìbéèrè yín, ẹ wò ó bóyá sójà tàbí ọlọ́pàá wà níbẹ̀. Ẹ ó rí ìbéèrè mẹ́rìnlá lórí Ṣàríà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin mi pè lánàá. Ó ní òun ti yọ "àánú" kúrò bí mo ṣe wí, òun ti fi "ìfẹ́" sí i. Mo ní kó wá pàdé mi ní Mararaba lọ́jọ́ Sátidé, nídìí àkàrà Alhaja, kó mú ìwé ìbéèrè ẹ̀ lọ́wọ́, kó sì mú owó àkàrà dání.