Bí a ṣe lè gbé iṣẹ́ kánsù sórí kọ̀ǹpútà kí ìwé aráàlú má baà sọnù

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo sin ẹ̀gbọ́n ìyá mi lọ sí kánsù kan ní agbègbè wa, nítorí ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ fi wọ iléèwé gíga. Gbogbo ohun tí wọ́n béèrè ni a ti kó fún wọn lóṣù tó ṣáájú: fọ́tò, lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ baálẹ̀, rísíìtì owó. Akọ̀wé kúnlẹ̀ kí wa. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú. Inú sísítẹ̀mù yẹn ni gbogbo ẹ̀ wà, sísítẹ̀mù náà ò sì tàn mọ́." Akọ̀wé náà ò purọ́. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni, kò sí ẹ̀dà níbòmíì, ìwé ọ̀pọ̀ èèyàn sì bá a lọ. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tún bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ baálẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn. Mo kọ ọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ kánsù ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, láti Ògbèrè dé Ìṣarà, àti fún àwa aráàlú tó yẹ ká máa béèrè lọ́wọ́ wọn. Ó tún wá kánjú sí i báyìí. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ibi tí owó bá ń gbà, ibẹ̀ náà ni àwọn ọmọ yàhúù máa ń ṣọ́.

Ẹ kọ́kọ́ ka ohun tí ẹ ní

Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ mú nótúbúùkù kan, kí ẹni méjì máa wọ yàrá kan bọ́ sí òmíràn. Ẹ kọ kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀: ta ló ń lò ó, iṣẹ́ wo ló wà nínú rẹ̀, Windows wo (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà) ló ń lò. Microsoft, iléeṣẹ́ tó ṣe Windows, ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 7 dúró láti ọjọ́ 14 oṣù Kìn-ín-ní 2020, ó sì dáwọ́ ti Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025. Ẹ̀rọ tí kò rí àtúnṣe (update) gbà mọ́ dà bí ilé tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ti já. Bí ẹ kò bá tíì rówó pààrọ̀ rẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó máa tẹ lẹ́tà nìkan.

Àtúnṣe tó bá dé, ẹ gbà á kíákíá. Nígbà tí kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní WannaCry ti àwọn kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn pa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Karùn-ún 2017, àtúnṣe tí ìbá dí ihò náà ti jáde láti oṣù Kẹta. Oṣù méjì gbáko ni wọ́n fi jókòó tì í.

Nínú nótúbúùkù yẹn kan náà, ẹ kọ ẹni tí páswọ́ọ̀dù ímeèlì kánsù àti ti ojú ìwé Facebook rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lè jẹ́ ọmọ tó bá alága àná ṣiṣẹ́. Ẹ fi sùúrù gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ yí i padà lọ́jọ́ náà gan-an. Kánsù tó bá ṣì ń fi Gmail ẹnì kan kọ lẹ́tà ìjọba, kó lọ gba àdírẹ́sì tó parí sí .gov.ng. Ìyẹn ni aráàlú fi máa dá lẹ́tà tòótọ́ mọ̀ yàtọ̀ sí ti onígbàjúẹ̀.

Ẹ̀dà mẹ́ta

Bó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo lẹ máa ṣe nínú gbogbo èyí, èyí ni kẹ́ ẹ ṣe. Ìyá tó ń ta gàrí ní Òkè Àjẹ́ kì í kó gbogbo àpò gàrí rẹ̀ sí ìsọ̀ kan. Díẹ̀ wà lọ́jà, díẹ̀ wà nílé. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣe ìwé aráàlú. Ẹ̀dà mẹ́ta ni kó wà, lórí oríṣi nǹkan méjì ó kéré tán, kí ọ̀kan nínú wọn má sì sí nínú sẹkitéríàtì rárá. Èyí tí ẹ ń lò lójoojúmọ́ ni àkọ́kọ́. Èkejì á wà lórí háàdì dísíìkì tí wọ́n ń tì mọ́ inú àpótí irin. Ẹ̀kẹta á wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nínú àkáǹtì tó jẹ́ ti kánsù, tí kì í ṣe ti òṣìṣẹ́ kankan.

Ẹ má fi háàdì dísíìkì yẹn sílẹ̀ lára kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá ti da fáìlì sínú rẹ̀ tán, ẹ yọ ọ́. Kòkòrò tó ń ti fáìlì pa láti gba owó ìtúsílẹ̀ máa ń ti gbogbo ohun tó bá bá lára ẹ̀rọ ni, àti ẹ̀dà náà. Àwọn ọ̀daràn tó ń rán an sì fẹ́ràn ọjọ́ ìsinmi, nígbà tí ojú kò sí níbẹ̀. Nítorí náà, kí a tó kí ara wa pé ó dọjọ́ Ojúde Ọba, kí ẹnì kan da ẹ̀dà, kó sì pa ẹ̀rọ tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà Iléyá.

Ẹ̀dà tí ẹ kò tíì dán wò, ẹ má fọkàn tán an. Lóṣooṣù, ẹ mú fáìlì kan jáde láti inú rẹ̀, kí ẹ ṣí i, kí ẹ kà á. Ní ìlú Baltimore lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àwọn ọ̀daràn ti kọ̀ǹpútà ìjọba ìlú pa ní oṣù Karùn-ún 2019. Wọ́n béèrè bitcoin (owó orí íntánẹ́ẹ̀tì) 13. Ìlú náà kọ̀, kò san án, mo sì rò pé ó ṣe é re; ṣùgbọ́n àtúnṣe àti owó tí kò wọlé jẹ́ kí àdánù rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù dọ́là 18. Ẹni tó fẹ́ ta ilé nígbà náà kò rí ìwé rẹ̀ parí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí ìlú tó lówó tó bẹ́ẹ̀ bá lè dúró báyìí, ẹ ronú kan kánsù tó jẹ́ pé orí kọ̀ǹpútà kan ni gbogbo rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ wà.

Ọ̀rọ̀ iná NEPA kò gùn. Láàtọ́ọ̀pù sàn fún wa ju kọ̀ǹpútà orí tábìlì lọ, nítorí bátìrì rẹ̀ kò ní jẹ́ kó kú lójijì lórí iṣẹ́.

Olúkúlùkù pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀

Ẹ fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àkáǹtì tirẹ̀. Níbi tí gbogbo èèyàn bá ti ń lo páswọ́ọ̀dù kan, kò sẹ́ni tó máa mọ ẹni tó ṣe nǹkan. "Ijebu1234" kì í ṣe páswọ́ọ̀dù. Ẹ so ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí kò bára tan pọ̀, irú bí àtùpà, ọ̀sàn, ìlù, kẹ̀kẹ́ (ẹ wá tiyín, ẹ má lo èyí). Ẹ fi ìdánilójú ẹlẹ́ẹ̀kejì (nọ́ńbà tí ẹ óò tẹ̀ lẹ́yìn páswọ́ọ̀dù) kún un, kó jẹ́ áàpù tó ń mú nọ́ńbà jáde lórí fóònù, kì í ṣe àtẹ̀jíṣẹ́, nítorí onígbàjúẹ̀ lè gba SIM èèyàn padà lórúkọ ẹni.

Ohun kan wà tó jẹ́ tiwa: wọ́n máa ń gbé òṣìṣẹ́ kánsù láti ibì kan lọ síbòmíì. Lọ́jọ́ tí lẹ́tà ìgbéṣípòpadà bá dé, kí wọ́n ti àkáǹtì rẹ̀ pa kó tó dágbére.

Ọ̀rọ̀ owó

Lẹ́tà kan á dé sórí ímeèlì akápò, orúkọ kọngilá tí ẹ mọ̀ ló wà lórí rẹ̀: "A ti pààrọ̀ báńkì wa, ẹ san owó tó kù síbí." Ẹ má dáhùn lórí ímeèlì náà. Ẹ má pe nọ́ńbà tó wà nínú lẹ́tà náà. Ẹ ṣí fáìlì, ẹ pe nọ́ńbà tí ẹ ti ní tẹ́lẹ̀, kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹni méjì fọwọ́ sí i kí owó tó jáde. Bí lẹ́tà náà bá ní alága ló ní kó yá, tó sì ní kí ẹ má bi alága léèrè, ẹ bi alága léèrè.

Fún owó ìsọ̀, ẹ jẹ́ kó máa lọ sínú àkáǹtì kánsù, kí rísíìtì tó nọ́ńbà sì jáde lójú ẹsẹ̀. Màmá tí kò ní fóònù, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé fún un. Ẹ má fìyà jẹ ẹ́ nítorí kọ̀ǹpútà.

Iṣẹ́ wo ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé?

Ìmọ̀ràn mi ni ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀, nítorí ayédèrú rẹ̀. Ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà àti àmì QR (àmì onígun mẹ́rin tí kámẹ́rà fóònù lè kà) tí iléèwé lè yẹ̀ wò fúnra rẹ̀. Ohun tí àyẹ̀wò náà máa fi hàn kò gbọ́dọ̀ ju orúkọ, nọ́ńbà àti ọjọ́ lọ. Àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù ọmọ ọlọ́mọ kì í ṣe ohun ìpolówó, òfin ìdáàbòbò dátà ti 2023 sì dè yín mọ́ ọn.

Bí àwọn ọ̀daràn bá wọ ẹ̀rọ yín

Ẹ yọ okùn íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ pa Wi-Fi, ṣùgbọ́n ẹ má tíì pa ẹ̀rọ náà; àwọn tó máa wádìí lè rí nǹkan nínú rẹ̀. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tún ṣe ní 2024 ní kí ẹ fi tó ngCERT, ẹ̀ka ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ìkọlù orí kọ̀ǹpútà, létí láàárín wákàtí 72. Bí ewu bá wà fún àwọn tó ni dátà náà, wákàtí 72 náà ni ti NDPC, àjọ tó ń dáàbò bo dátà. Ẹ kọ nọ́ńbà wọn sórí páálí, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, nítorí èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà ti há.

Kí ọjọ́ náà tó dé, ẹ máa fi òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan lóṣù dánra wò. Ẹ pa kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kan, kí ẹ fi rẹ́gísítà dá àwọn tó bá wá lóhùn títí di ọ̀sán. Ohunkóhun tó bá dí yín lọ́wọ́, ẹ kọ ọ́ sínú nótúbúùkù tí ẹ fi ka ẹ̀rọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.