Bí wọ́n ṣe ń gbé odindi ilé lọ síbòmíì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ilé onípákó l'Amẹ́ríkà àmọ́ tó jẹ́ pé ibi tó wà ni ò dáa mọ́, ẹ má tíì wó o o, ó ṣeé gbé. Ẹ kọ́kọ́ lọ gba pámíìtì, kẹ́ ẹ sì yẹ ọ̀nà wò dáadáa, torí wáyà iná tó rẹlẹ̀ àti bíríìjì tóóró máa ń dá iṣẹ́ dúró. Kí wọ́n já iná, omi àti gáàsì. Lẹ́yìn ìyẹn làwọn òṣìṣẹ́ á dá ihò sí fáńdéṣọ̀n, wọ́n á ti irin gbọọrọ bọ abẹ́ ilé, wọ́n á wá fi jáàkì gbé e díẹ̀díẹ̀, gbogbo jáàkì gbọ́dọ̀ jọ máa gòkè ni, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n kánjú níbí yìí, tí apá kan bá yá ju ìkejì lọ ògiri á là. Ìgbà yẹn ni wọ́n á ki táyà sábẹ́ irin, tí ọkọ̀ á rọra máa fà á lọ.

Ẹ má rò pé ilé onípákó nìkan ló ṣeé gbé o, lọ́dún 1999 wọ́n sún ilé iná Cape Hatteras l'Amẹ́ríkà, ìyẹn ilé gogoro tí iná orí ẹ̀ ń tọ́ àwọn ọkọ̀ ojú omi sọ́nà, bíríkì ni wọ́n fi kọ́ ọ, wọ́n sún un kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀ lọ síbi tó jìn ju 800 mítà lọ, kò sì wó.

Tẹ́ ẹ bá débi tuntun, ẹ fi pákó ńláńlá gbé ilé ró ná, kí bíríkìlà wá mọ fáńdéṣọ̀n gòkè wá bá a.